Kí Ni Mo Jẹ Ọ́?

Bàbá tó bí bàbá mi, aláṣọ ni.
Òṣómàáló ni wọ́n ń pè é láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Kàbà.
Bó bá ta aṣọ láwìn, tọ́jọ́ pé,
tẹ́ni tó jẹ ẹ́ lówó ń fòní dọ́la, fọ̀la dọ́túnla,
a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní í jókòó, kò ní í dìde,
àfi bówó bá dọ́wọ́.

Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀, fóònù ni mò ń tún ṣe
nínú ìsọ̀ kékeré kan ní Ẹrẹ́jà, n'Íléṣà:
gíláàsì tó fọ́, bátìrì tó wú bí àkàrà,
ihò ṣájà tí èérún gaàrí dí.
Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Agogo méjì òru.
Wọ́n ti múná lọ, ajá ará iwájú ti gbó sú.
Fóònù lóṣòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.
Ṣiyanbọ́lá tá a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nílé ìwé
dúró nínú yìnyín, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé dání, ó ń rẹ́rìn-ín.
Mo fi àtàǹpàkò tì í sókè.
Ìyàwó ẹnì kan bí ìbejì.
Mo tì í sókè.
Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù l'Ákùúrẹ́,
fáànù mẹ́rin ló wà lókè àjà ẹ̀.
Mo ka fáànù náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Àìkú èmi náà gbé àwòrán síbẹ̀.
Kóòtù àbúrò ìyá mi ni mo wọ̀,
mo fara ti mọ́tò oníbàárà,
mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí.
Ènìyàn mọ́kànlá ló fi ọkàn pupa sí i.
Mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni.

Mojírọ́lá, ọmọ oníbúrẹ́dì, wá sí ìsọ̀.
Gíláàsì ẹ̀ ò fọ́. Kò sóhun tó bà jẹ́.
Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi yọ kámẹ́rà iwájú yìí kúrò.
Bí mo bá ti rí imú mi nínú ẹ̀, n kì í lè jẹun."
Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi, Ọlọ́run má bínú.
Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, omi ti lé ròrò lójú ọmọ ọlọ́mọ.
Mo fa àga fún un. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó jẹ ìdajì búrẹ́dì tí mo rà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ní Wẹ́slì bi mí pé,
"Wákàtí mélòó lẹ fi ń sùn?"
Mo ní mẹ́jọ.
Irọ́ yẹn náà wọ kóòtù.

Bàbá bàbá mi sọ fún wa kó tó kú:
lọ́jọ́ kan, ní Ìkọ̀lé, ó ti lóṣòó láti ìdájí,
ló bá gbẹ́kún nínú ilé. Ọmọ onígbèsè ló kú.
Orúnkún ẹ̀ dún kà. Ó dìde.
Ó fi ọ̀pá méjì aṣọ funfun sílẹ̀ fún ìsìnkú, ó bá tirẹ̀ lọ.
Òṣómàáló mọ ìgbà tí wọ́n ń dìde.
Eléyìí ò mọ̀. Mo sunkún níwájú ẹ̀ lóṣù tó kọjá,
bàtà tí wọ́n dín owó ẹ̀ kù ló fi hàn mí.

Lálẹ́ àná mo gbé agolo bisikíìtì bàbá bàbá mi sọ̀kalẹ̀,
èyí tí ìwé gbèsè rẹ̀ wà nínú rẹ̀,
orúkọ àwọn tó ti kú,
iye tí ẹnikẹ́ni ò ní í san mọ́.
Mo gbé fóònù lé ìwé náà lórí. Mo dé e.
Mo na ara mi sórí ẹní.
Ó ń gbọ̀n nínú agolo, gìrìrì, gìrìrì,
ó ń sìn mí.
Mo bi í nínú òkùnkùn: kí ni mo jẹ ọ́?
Àkùkọ ilé kejì ló dá mi lóhùn.
N kò mọ̀ bóyá mo ti sùn kó tó kọ.